Cherán ò yapa kúrò lára Mẹ́síkò o: bí ìlú kan ṣe lé ẹgbẹ́ òṣèlú jáde, tó sì ṣì jẹ́ ìjọba ìbílẹ̀

Ẹ ti lè rí fídíò rẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu èèyàn, pé ìlú kan wà ní Mẹ́síkò tí àwọn obìnrin ibẹ̀ jí láàárọ̀ ọjọ́ kan tí wọ́n lé àwọn agégẹdú, wọ́n lé ọlọ́pàá, wọ́n lé alága, wọ́n wá ní ẹgbẹ́ òṣèlú kankan ò gbọdọ̀ wọ̀lú àwọn mọ́. Cherán ni wọ́n ń pe ìlú yẹn, ìtàn yẹn sì ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dojú rú ni àwọn nǹkan táwọn èèyàn ń bù kún un. Àwọn kan á ní Cherán ti di orílẹ̀-èdè ara ẹ̀, àwọn kan á ní ìjọba Mẹ́síkò ò lè dé ibẹ̀, àwọn míì tiẹ̀ ní kò sí ìjọba níbẹ̀ rárá, kálukú ń ṣe bó ṣe wù ú. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Cherán ṣì wà lára ìjọba ìbílẹ̀ 113 tó wà ní ìpínlẹ̀ Michoacán, ó ń gba owó ìjọba bí àwọn tó kù ṣe ń gbà á, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sì ti dá a láre. Ohun tó yí padà níbẹ̀ ni bí wọ́n ṣe ń yan olórí, àti ẹni tó lẹ́nu láti sọ fún olórí yẹn pé kó gbé e jókòó. Ó dà bí nǹkan kékeré, àmọ́ ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa.

Ìjọba Mẹ́síkò pín sí mẹ́ta. Ti àpapọ̀ wà lókè, ìpínlẹ̀ 32 tẹ̀ lé e (olú ìlú wọn, Mexico City, wà lára 32 yẹn), ìjọba ìbílẹ̀ ló wá wà nísàlẹ̀. Òfin orílẹ̀-èdè wọn ti 1917 ní abala kan, abala 115, tó sọ pé ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ dá dúró, kó ní ìgbìmọ̀ táwọn aráàlú fìbò yàn, kí aláṣẹ kankan má sì jókòó sáàárín òun àti ìpínlẹ̀. Wọn ò ṣàdédé kọ ìyẹn síbẹ̀. Láyé Porfirio Díaz, tó lò ju 30 ọdún lọ lórí oyè títí di 1911, ńṣe ni wọ́n máa ń fi ọ̀gá kan ṣọ́ àwọn ìlú kéékèèké látòkè, ohun tí ọ̀gá yẹn bá sọ labẹ gé, ọ̀rọ̀ yẹn sì wà lára ohun tó bí àwọn ará oko nínú nígbà tí ogun abẹ́lé wọn bẹ̀rẹ̀.

Ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ yìí ní alága, ó ní ẹni tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òfin àti dúkìá, ó sì ní àwọn kánsẹ́lọ̀. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n máa ń lò. Ẹ wá wò ó: ẹgbẹ́ òṣèlú ló máa ń to orúkọ gbogbo wọn pọ̀ kí wọ́n tó gbé e síwájú olùdìbò, àfi ní 2012 ni wọ́n tó tún òfin orílẹ̀-èdè ṣe káwọn tí kò sí lẹ́gbẹ́ kankan lè jáde dupò. Ìyẹn ni pé títí di ìgbà yẹn, bó o bá mọ ìlú ẹ bí ẹni mọ owó, tí gbogbo àdúgbò sì fẹ́ ẹ, o ò lè di alága láìlọ bá ẹgbẹ́ kan pé kí wọ́n gbà ẹ́ wọlé. Ẹ rántí ibí yìí o, òun ni ìdí ọ̀rọ̀ gan-an.

Nǹkan kejì tó máa ń da àlejò láàmú ni pé aláṣẹ ò jẹ́ ẹyọ kan nínú irú àwọn ìlú yìí. Ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ wà lọ́tọ̀, ilẹ̀ wà lọ́tọ̀. Igbó Cherán kì í ṣe tìjọba, kì í sì í ṣe ti ẹnì kan, ti gbogbo ìlú ni, òfin Mẹ́síkò sì mọ irú ilẹ̀ àjọní bẹ́ẹ̀ dáadáa, ó ní ìwé, ó ní àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ẹ̀, ó ní àwọn tí wọ́n yàn láti máa bójú tó o. Torí náà alága lè wọlé lọ́dún yìí kó jáde lọ́dún mẹ́ta sí i, igbó ò bá a lọ síbì kankan. Ẹni tó bá wá ń gé igi igbó yẹn láìgbàṣẹ, gbogbo ìlú ló ń jà lólè.

Ta ni àwọn èèyàn yìí? P'urhépecha ni wọ́n, èdè wọn ò bá èdè kankan míì tan ní gbogbo Mẹ́síkò. Wọ́n ti ní ìjọba ńlá kan tẹ́lẹ̀, Tzintzuntzan ni olú ìlú ẹ̀, létí adágún Pátzcuaro, àwọn Aztec sì gbógun tì wọ́n títí, wọn ò rí wọn ṣẹ́gun. Àwọn ará Sípéènì ló wá bà á jẹ́, ọ̀kan nínú wọn tó ń jẹ́ Nuño de Guzmán pa ọba wọn ní 1530. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn àlùfáà ń kó àwọn èèyàn jọ sínú ìlú, wọ́n ń fi ẹni mímọ́ kọ̀ọ̀kan sọ ìlú lórúkọ, Francis ló bọ́ sí Cherán lọ́wọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣọdún San Francisco títí dòní nínú oṣù kẹwàá. Ìlú orí òkè ni, ó tó nǹkan bíi 2,400 mítà sókè, òtútù ibẹ̀ kì í ṣeré, igi páìnì àti igi óòkù ló yí i ká. Ní 1861 ni wọ́n sọ ọ́ di ìjọba ìbílẹ̀. Nígbà ìkànìyàn 2020, nǹkan bí 20,000 èèyàn ló wà nínú ẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń gbé nínú ìlú Cherán fúnra ẹ̀, abúlé Tanaco ló tẹ̀ lé e (màá ṣì padà sórí Tanaco, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀).

Ọ̀rọ̀ ká gbèjà ara ẹni ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Nígbà ogun abẹ́lé, lẹ́yìn 1910, àwọn jàǹdùkú Inés Chávez García ń jó ìlú káàkiri Michoacán, ọkùnrin Cherán kan tó ń jẹ́ Casimiro Leco ló kó àwọn èèyàn jọ tí wọ́n fi kojú wọn, orúkọ ẹ̀ ò tíì parẹ́ níbẹ̀ dòní.

Òṣèlú wá ńkọ́? Láti 1929 títí di 2000, ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ló ń ṣèjọba àpapọ̀ Mẹ́síkò, ẹgbẹ́ tá a wá mọ̀ sí PRI nígbà tó yá. Ní 1987, Cuauhtémoc Cárdenas tó ti ṣe gómìnà Michoacán (bàbá ẹ̀, Lázaro, ti ṣe ààrẹ rí) kúrò nínú ẹgbẹ́ yẹn, ó dupò ààrẹ ní 1988, wọ́n kéde pé kò wọlé, ọ̀pọ̀ èèyàn ò sì gbà bẹ́ẹ̀ títí di ìsinsìnyí. Ní 1989 òun àtàwọn tó wà lẹ́yìn ẹ̀ dá ẹgbẹ́ tuntun kan, PRD, sílẹ̀, Cherán sì tẹ̀ lé wọn. Ó dùn fúngbà díẹ̀. Àmọ́ ìjà tinú ẹgbẹ́ ò jẹ́ kó pẹ́, ará ilé kan náà ń bára wọn jà torí ẹgbẹ́, ẹ̀gbọ́n ò kí àbúrò, nígbà tó sì fi máa di ìbò 2007 wọ́n ti pín sí wẹ́wẹ́, PRI bá gba àárín wọn wọlé. Bẹ́ ẹ bá bi àwọn ará Cherán pé kí ló dé tí wọ́n fi kórìíra ẹgbẹ́ òṣèlú tó bẹ́ẹ̀, ibí yìí ni wọ́n máa ń mú un láti: ẹgbẹ́ ti pín ìlú kí olè tó dé, ìgbà tí olè dé, kò sí ẹni tó ṣọ̀kan tó fẹ́ lé e.

Àwọn olè náà sì dé. Ìparí 2006 ni Felipe Calderón tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di ààrẹ kó sójà lọ sí Michoacán láti bá àwọn oníṣòwò oògùn olóró jà. Àwọn ẹgbẹ́ burúkú yẹn ò tìtorí ìyẹn jáwọ́, wọ́n kàn na ọwọ́ sí iṣẹ́ míì, wọ́n ń gba owó ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ olókòwò, wọ́n bọ́ sídìí píà, wọ́n bọ́ sídìí gẹdú. Ní Cherán, láti bí 2008, lọ́rí tó ru gẹdú ń gba àárín ìlú kọjá lójú mọ́mọ́, lójoojúmọ́, àwọn tó gbé ìbọn sì jókòó sórí ẹ̀. Ibi tí wọ́n bá gé tán wọ́n á dáná sun, ẹgbẹẹgbẹ̀rún hẹ́kítà ló lọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀, wọ́n á wá a wálé. Wọ́n pa àwọn kan, àwọn míì lọ sóko, a ò rí wọn mọ́. Àwọn aráàlú kọ̀wé sí alága, wọ́n kọ̀wé sí ìpínlẹ̀, wọ́n kọ̀wé sí àpapọ̀, ńṣe ni gbogbo wọn ń jù ú síra wọn bíi bọ́ọ̀lù. Ọlọ́pàá ìlú ń wò wọ́n níran.

Ohun tó wá kan eegun ni omi. Ìsun omi kan wà tí wọ́n ń pè ní La Cofradía, àwọn agégẹdú ti ń gé igi bọ̀ lẹ́bàá ẹ̀, gbogbo ẹni tó sì mọ igbó mọ̀ pé bí igi bá lọ, omi á tẹ̀ lé e. Ta ló ń lo omi jù nínú ilé? Ẹ ti mọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì ni, oṣù kẹrin ọjọ́ 15, 2011, ó ku bí ọjọ́ mélòó kan kí Ọ̀sẹ̀ Mímọ́ bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán táwọn obìnrin kan ti lọ dúró lẹ́bàá ṣọ́ọ̀ṣì El Calvario, lójú ọ̀nà táwọn lọ́rí ń gbà bọ̀ láti inú igbó. Òkúta ni wọ́n fi dá ọkọ̀ dúró, òkúta àti ọwọ́ lásán. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì dún, wọ́n yin báńgà sókè, ìlú bá ya jáde. Wọ́n mú àwọn kan nínú àwọn agégẹdú náà, wọ́n dè wọ́n. Kò pẹ́ táwọn tó gbé ìbọn fi dé láti wá gba èèyàn wọn, ọlọ́pàá ìjọba ìbílẹ̀ ló sì ń bá wọn bọ̀, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí gbogbo ìlú rí i kedere ibi tí ọlọ́pàá yẹn wà. Ìbọn ba ọkùnrin aráàlú kan lórí lọ́jọ́ náà. Látìgbà yẹn ni wọ́n ti dí gbogbo ọ̀nà tó wọ̀lú, wọ́n gba ìbọn ọlọ́pàá, alága sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni iná bẹ̀rẹ̀. Wọ́n dáná sí gbogbo ìkóríta, wọ́n ń ṣọ́lé mọ́jú, fogata ni wọ́n ń pe iná yẹn, ó sì ń lọ sí 200 káàkiri ìlú. Bí àlejò bá gbọ́ ọ, á rò pé iná ìṣọ́dẹ lásán ni. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, àwọn ará ilé mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó wà lójú títì kan náà, tí wọn ò kíra wọn mọ́ nítorí PRI àti PRD, gbogbo wọn ń jókòó yí iná kan ká lálaalẹ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù, wọ́n ń se oúnjẹ nínú ìkòkò kan, àwọn àgbà ń sọ bí wọ́n ṣe ń ṣèlú láyé àtijọ́, ọmọdé ń gbọ́. Níbẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í bira wọn pé ẹgbẹ́ òṣèlú yìí, kí la ń fi ṣe gan-an? Fún èmi o, iná yẹn ni ìjọba Cherán, ohun tó kù tí mo fẹ́ sọ, ìwé tí wọ́n fi ti iná yẹn lẹ́yìn ni.

Torí ọdún ìbò ni 2011 ní Michoacán. Oṣù kọkànlá ni wọ́n fẹ́ dìbò gómìnà àti alága. Cherán ní àwọn ò ní dìbò ẹgbẹ́, àwọn fẹ́ yan olórí bí àṣà àwọn. Àjọ ìdìbò ìpínlẹ̀ ní àwọn ò láṣẹ láti gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Cherán pẹ̀lú àwọn lọ́yà tó dúró tì wọ́n bá gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ ìdìbò ti àpapọ̀. Ohun tí wọ́n gbé lọ́wọ́ ò kéré: abala 2 nínú òfin orílẹ̀-èdè, tí wọ́n tún ṣe ní 2001, sọ pé àwọn ọmọ onílẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti pinnu bí wọ́n ṣe máa ṣèjọba ara wọn, àdéhùn 169 ti àjọ òṣìṣẹ́ àgbáyé, tí Mẹ́síkò fọwọ́ sí ní 1990, sọ ohun tó jọ bẹ́ẹ̀, nínú oṣù kẹfà 2011 yẹn gan-an sì ni Mẹ́síkò tún òfin ẹ̀ ṣe pé irú àdéhùn ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn bẹ́ẹ̀ ní agbára bí òfin orílẹ̀-èdè. Kì í tún ṣe nǹkan tẹ́nì kan ò rí rí. Ní ìpínlẹ̀ Oaxaca, tó ní ìjọba ìbílẹ̀ 570, ó lé ní 400 nínú wọn tó ń yan olórí bí àṣà ìlú wọn, òfin ìpínlẹ̀ yẹn ti gbà á láti 1995. Michoacán ni ò ní irú òfin bẹ́ẹ̀.

Oṣù kọkànlá ọjọ́ 2, 2011, ilé ẹjọ́ dá Cherán láre, ó ní kí wọ́n bi àwọn aráàlú bóyá ohun tí wọ́n fẹ́ nìyẹn lóòótọ́. Wọ́n bi wọ́n lóṣù kejìlá. Ó lé ní 4,800 èèyàn tó ní bẹ́ẹ̀ ni, àwọn tó ní rárá ò pé mẹ́wàá. Wọ́n yan ìgbìmọ̀ wọn ní oṣù kìíní 2012, ìgbìmọ̀ náà sì wọlé iṣẹ́ ní oṣù kejì ọjọ́ 5. Ọ̀rọ̀ ò tíì parí o, nítorí lọ́dún yẹn kan náà ìpínlẹ̀ tún òfin tiẹ̀ ṣe lórí ọ̀rọ̀ ọmọ onílẹ̀ láìbi Cherán, Cherán bá tún gbé wọn lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ, wọ́n sì jàre ní oṣù karùn-ún 2014. Ibẹ̀ ló ti wá fẹsẹ̀ múlẹ̀ pé ìjọba ìbílẹ̀ ni Cherán, ìjọba ìbílẹ̀ ọmọ onílẹ̀, ìpínlẹ̀ ò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án láìbi í. Ìlú tó bá fẹ́ yapa, ṣé kóòtù ìjọba ló máa wá máa sáré lọ?

Ó dáa, báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́? Àdúgbò ńlá mẹ́rin ló wà nínú ìlú. Inú àdúgbò kọ̀ọ̀kan, àwọn fogata máa ń dábàá orúkọ ẹni tí wọ́n mọ̀, wọ́n á wá pàdé ní ìta gbangba, àwọn tí wọ́n dábàá á jókòó síwájú, kálukú á lọ tò sẹ́yìn ẹni tó wù ú, wọ́n á kà wọ́n lójú gbogbo ayé. Mẹ́ta láti àdúgbò kọ̀ọ̀kan, àròpọ̀ 12, K'eri ni wọ́n ń pè wọ́n, àwọn àgbà. Àwọn méjìlá yìí ló dúró níbi tí alága ì bá wà, kò sí ọ̀gá láàárín wọn. Pósítà ò sí, ẹ̀gúnjẹ ò sí, ẹni tó bá sì ń polongo ara ẹ̀ kiri, ó ti ba tiẹ̀ jẹ́ nìyẹn. Ọdún mẹ́ta náà ni wọ́n ń lò, bíi tàwọn tó kù. Abẹ́ wọn ni àwọn ìgbìmọ̀ kéékèèké wà, ti owó àti iṣẹ́ ìlú, ti igbó, ti ìlàjà àti ìdájọ́, ti ètò ìrànwọ́, nígbà tó sì yá wọ́n fi ti obìnrin àti ti ọ̀dọ́ kún un. Ohun tó ga ju àwọn àgbà yẹn lọ ni ìpàdé ìlú. Bí ìpàdé bá ní rárá, rárá náà ni.

Wọn ò wà láìní ọlọ́pàá o, bí fídíò ṣe ń sọ. Ọmọ ìlú ni wọ́n fi rọ́pò wọn, ìlú ló ń yàn wọ́n, wọ́n ń gba owó oṣù, wọ́n ní ọkọ̀ àti aṣọ iṣẹ́, wọ́n sì ní ẹ̀ka tó ń wọ igbó kiri. Ẹjọ́ kéékèèké wọ́n á parí ẹ̀ nílé, wọ́n á fún ẹni tó ṣẹ̀ ní iṣẹ́ ìlú ṣe; bó bá jẹ́ ìpànìyàn, àwọn agbẹjọ́rò ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni ín.

Owó ńkọ́? Ìjọba àpapọ̀ ló ń pín in, ó ń gba ọwọ́ ìpínlẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn, bó ṣe ń dé ọ̀dọ̀ gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ ní Mẹ́síkò, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ṣírò bí wọ́n ṣe ná an. Lórí ìyẹn, ìlú ní iṣẹ́ tiẹ̀: ilé ìlagẹdú tó jẹ́ ti gbogbo wọn, ibi tí wọ́n ti ń ṣe búlọ́ọ̀kù, àti ọgbà tí wọ́n ti ń gbin ọmọ igi páìnì tó máa ń lé ní mílíọ̀nù kan lọ́dún, wọ́n ń tún igbó tó jóná gbìn, wọ́n sì ń tà lára ẹ̀. Ní 2016 wọ́n ṣí ibi ìgbomi òjò ńlá kan sórí òkè Kukundicata, òkè ayọnáyèéfín tó ti kú ni, inú ihò tó wà lórí ẹ̀ ni wọ́n tẹ́ ẹ sí, ó lè gba nǹkan bíi mílíọ̀nù lítà 20. Wọ́n tún ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi ilẹ̀ ìlú dá oko píà. Ẹ mọ̀ pé Michoacán ló ń gbé píà tó pọ̀ jù jáde ní Mẹ́síkò, owó ńlá ni, àwọn ìlú tó yí wọn ká ń gé páìnì kí wọ́n lè gbin píà, píà sì ń mu omi bí nǹkan míì. Òfin yìí le fún ẹni tó nílẹ̀ díẹ̀ tó sì ń rí aládùúgbò ẹ̀ tó ń kọ́lé. Mi ò rò pé wọ́n ṣìnà, àmọ́ ẹ má ṣe rò pé gbogbo èèyàn ló ń fi ayọ̀ tẹ̀ lé e.

Kò sì pé pérépéré. Àwọn obìnrin ló dá lọ́rí dúró, síbẹ̀ nínú àwọn 12 àkọ́kọ́, obìnrin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Ó ti pọ̀ sí i látìgbà yẹn, àwọn obìnrin náà ló sì jà fún un. Tanaco tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, inú ìjọba ìbílẹ̀ Cherán ló wà, P'urhépecha ni wọ́n, àmọ́ wọn ò bá wọn dáná, wọn ò sì sí nínú àdúgbò mẹ́rin tó ń yan àwọn àgbà, bí wọ́n ṣe máa pín owó láàárín ìlú méjèèjì sì ti fa ọ̀rọ̀ léraléra. Cherán ní kí ìpínlẹ̀ má pàṣẹ fún òun láìbi òun. Tanaco náà lè bi Cherán ní ìbéèrè yẹn.

Àwọn ìlú P'urhépecha míì wo Cherán, wọ́n rí i pé àwọn ò sí nípò kan náà, torí abúlé lásán ni wọ́n lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ẹlòmíì, alága wọn ń gbé níbòmíì. Wọ́n wá gba ọ̀nà tiwọn: wọ́n ní kí wọ́n fún àwọn ní ìpín àwọn tààrà nínú owó ìjọba ìbílẹ̀, káwọn fúnra àwọn máa ná an. San Francisco Pichátaro, tó wà lábẹ́ Tingambato, ló kọ́kọ́ jàre ẹ̀ ní kóòtù ní 2016, nígbà tó sì di 2021 Michoacán fi í sínú òfin ìjọba ìbílẹ̀ ẹ̀, ọ̀pọ̀ abúlé ti ń gbà á látìgbà náà. Bẹ́ ẹ bá wá rí i kà pé "ìlú tó ń ṣèjọba ara ẹ̀" ti pọ̀ ní Michoacán, ẹ bi wọ́n pé èwo nínú ẹ̀: ṣé bíi Cherán tí gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ yí padà ni, àbí bíi Pichátaro tó ń gba ìpín owó ẹ̀ nìkan.

Ó ku ìbò ààrẹ. Ìdájọ́ yẹn kàn sọ bí wọ́n ṣe máa yan olórí ìlú ni, kò yọ wọ́n kúrò nínú ìbò gómìnà, ti aṣòfin tàbí ti ààrẹ. Cherán fúnra ẹ̀ ló ń kọ̀ ọ́: bí 2015, bí 2018, wọn ò jẹ́ kí wọ́n gbé àpótí ìbò wọ̀lú, wọ́n ní ibi tí àpótí bá wọlé sí, ẹgbẹ́ á gba ibẹ̀ tẹ̀ lé e. Aṣòfin tó ń ṣojú àgbègbè wọn ṣì wà, gómìnà ṣì ni gómìnà wọn, àwọn tó wà láwọn ìlú tó múlé gbè wọ́n ló kàn ń bá wọn yàn án.